Òkúta Halmidi, Ẹlẹ́rìí Èdè Kan

Nígbà tí Jóṣúà mú àwọn ọmọ Ísírẹ́lì la odò Jọ́dánì kọjá, ó pàṣẹ pé kí wọn kó òkúta 12 jọ, kí àwọn ọmọ tí a kò tí ì bí lè béèrè ìtumọ̀ wọn ní ọjọ́ iwájú. Òkúta a máa jẹ́rìí. Ní ọ̀sẹ̀ yìí àwa fẹ́ sọ ti òkúta kan ní ilẹ̀ Íńdíà, èyí tí ó jẹ́rìí fún odidi èdè kan níwájú ìjọba.

Ní gúúsù Íńdíà ni ìpínlẹ̀ Karnataka wà, níbi tí a ti ń sọ èdè Kannada. Nígbà tí a ka ènìyàn ní ọdún 2011, àwọn tí ó jẹ́ èdè abínibí fún lé ní mílíọ̀nù 43. Ní agbègbè Hassan, ní apá ìlú Belur, abúlé kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Halmidi. Níbẹ̀ ni Ọ̀mọ̀wé M. H. Krishna, ẹni tí ó jẹ́ olórí àwọn tí ń wádìí ohun àtijọ́ ní ilẹ̀ Mysore, ti rí òkúta náà ní ọdún 1936. Gíga rẹ̀ kò ju bí ẹsẹ̀ bàtà méjì ààbọ̀ lọ. A fín àmì kẹ̀kẹ́ Vishnu, òrìṣà wọn, sí òkè rẹ̀, a sì fín ìlà ọ̀rọ̀ 16 sí i lára.

Kí ni òkúta náà wí? Ó kọ́kọ́ fi èdè Sanskrit, èdè àwọn àlùfáà àti àwọn amòye, yin Vishnu. Lẹ́yìn èyí ni ó yí sí Kannada, èdè ará ilé àti ará oko. Ó ní, ní ìgbà Ọba Kakustha ti ìdílé Kadamba, akọni kan tí ń jẹ́ Vija Arasa ṣe iṣẹ́ ọkùnrin nínú ogun àwọn Kekaya àti àwọn Pallava. Nítorí náà a fún un ní abúlé méjì, Palmidi àti Mulivalli. Fífọ idà ni wọ́n ń pe irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀, bí ẹni pé ilẹ̀ náà ni a fi wẹ ẹ̀jẹ̀ kúrò lára idà jagunjagun. Ó sì kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni tí ó bá jí ilẹ̀ náà gbà, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni ó dá. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ìwé Mímọ́ yóò rántí pé Mósè pẹ̀lú gégùn-ún fún ẹni tí ó bá yẹ ààlà ilẹ̀ ẹnìkejì rẹ̀.

Ẹ kíyè sí orúkọ abúlé náà. Palmidi ni ó wà lára òkúta. Halmidi ni a ń pè é lónìí. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ Kannada tí a ń fi p bẹ̀rẹ̀ látijọ́ ni ó ti di h ní ẹnu àwọn ọmọ ìkẹyìn. Ẹnu ti gbàgbé, ṣùgbọ́n òkúta kò gbàgbé.

Ìwé Kannada tí ó pẹ́ jù lọ nínú èyí tí ó kù, Kavirajamarga, jẹ́ ti nǹkan bí ọdún 850. Nǹkan bí ọdún 450 ni a sì ka òkúta yìí sí. Nítorí náà ó fi hàn pé ní 400 ọdún ṣáájú ìwé náà ni a ti ń fi èdè yìí kọ ọ̀rọ̀ ọba àti ọ̀rọ̀ ilẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ìjọba Íńdíà wá là á sílẹ̀ pé èdè tí yóò gba oyè èdè àtayébáyé gbọ́dọ̀ ní àkọsílẹ̀ tí ó tó 1,500 ọdún, òkúta Halmidi wà lára ẹ̀rí tí àwọn ọmọ Kannada mú wá. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2008 ni a fi oyè náà fún èdè wọn.

Ṣùgbọ́n ohun kan ń bẹ tí ó dín ẹ̀rí náà kù. A kò kọ ọdún sí òkúta náà. Ìrísí lẹ́tà àti orúkọ ọba ni àwọn ọ̀mọ̀wé fi ṣírò rẹ̀. Nítorí náà àwọn kan ní kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, àwọn mìíràn sì ní òkúta kan tí a rí ní Talagunda ni ó ṣáájú rẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo ìbá ti parí gbogbo àríyànjiyàn yìí.

Ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ìyá, ẹni tí ó fín òkúta Halmidi kò mọ̀ pé òun ń gbèjà èdè. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni ó ń kọ, ní èdè tí ará abúlé gbọ́. Ẹ̀bùn ìwé kíkọ ti wà lọ́wọ́ àwa náà láti ìgbà tí a ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá ti Samuel Ajayi Crowther ní ọdún 1843. Ǹjẹ́ kí àgbà ilé tó sùn, ẹ bi í léèrè ẹni tí ó fún yín ní ilẹ̀, ibi tí ààlà rẹ̀ dé, àti orúkọ àwọn tí ó ṣáájú yín. Ẹ fi Yorùbá kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má sì ṣe gbàgbé láti kọ ọdún sí i.