IṢẸ́ ÌLÚ KÌ Í ṢE OGÚN BÀBÁ ẸNÌKAN

Láti ọwọ́ ọ̀kan nínú àwọn olùṣètò ẹgbẹ́



Bí afárá bá wó lẹ́yìn òjò méjì, agbaṣẹ́ṣe ni gbogbo wa máa ń bú. Bí kànga ẹ̀rọ tí ìjọba gbẹ́ bá pọn omi fún oṣù mẹ́ta péré tó sì dákẹ́, a ó ní olè ni ẹni tó gbẹ́ ẹ. Òótọ́ lè wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló gbé iṣẹ́ náà fún un? Àwọn àgbà ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀.

Kì í ṣe ẹ̀bá odò ni afárá ti ń kọ́kọ́ wó. Inú yàrá tí wọ́n ti ń yẹ ìwé àwọn agbaṣẹ́ṣe wò, tí wọ́n ti ń fún wọn ní máàkì, ni ó ti ń wó. Àwọn tó wà lórí àlééfà kò fẹ́ kí ẹ mọ ohun tó ń lọ nínú yàrá yẹn. Àwa fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n.

Òfin wà nílẹ̀. Láti 2007, nígbà Ààrẹ Yar'Adua, ni òfin tó ń jẹ́ Public Procurement Act ti wà. Ó ní bí ìjọba àpapọ̀ bá fẹ́ gbé iṣẹ́ jáde fún ìdíje ní gbangba, kí wọ́n polówó rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn méjì ó kéré tán, ní ọ̀sẹ̀ 6 kí ọjọ́ gbígba ìwé tó pé. Kí wọ́n lẹ ìwé pa kó tó wọlé, kí wọ́n sì ṣí i ní gbangba lójú àwọn tó ń du iṣẹ́. Kí wọ́n pe ẹlẹ́rìí méjì: ọ̀kan láti inú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ iṣẹ́ náà, èkejì láti inú ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́.

Nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ńlá, àpò ìwé méjì ni agbaṣẹ́ṣe ń mú wá. Èkíní dá lórí òye àti agbára rẹ̀. Ẹnjiníà mélòó lo ní? Katakata rẹ dà? Irú iṣẹ́ yìí wo lo ti ṣe rí, ṣé ó ṣì dúró? Ṣé ò ń san owó orí? Èkejì ni iye owó tó fẹ́ gbà. Ti èkíní ni wọ́n ń kọ́kọ́ ṣí. Ẹni tí kò bá yege níbẹ̀, kí wọ́n dá àpò owó rẹ̀ padà fún un láìṣí i. Nínú àwọn tó yege nìkan ni wọn yóò ti wá wo ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù.

Ẹ fi èyí sọ́kàn: òfin kò ní kí wọ́n gbé iṣẹ́ fún ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù lásán. Àbí ta ni nínú yín tó máa fi ilé rẹ̀ lé bíríkìlà lọ́wọ́ nítorí pé owó táṣẹ́rẹ́ ló fẹ́ gbà, nígbà tí kò mọ bíríkì í tò?

Ìwọ̀n tí wọ́n máa fi wọn gbogbo wọn gbọ́dọ̀ ti wà nínú ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ fún wọn. Ìyá ọlọ́jà mọ èyí: a kì í pààrọ̀ kóńgò nígbà tí oníbàárà bá ti sanwó tán.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń rẹ́ wa jẹ? Èkíní, wọ́n á gé aṣọ náà mọ́ ẹnìkan lára. Wọ́n á kọ àmúyẹ tó jẹ́ pé ènìyàn wọn nìkan ló ní i. Èkejì, ìwé ẹ̀rí àyálò àti katakata inú fọ́tò, tí ẹnikẹ́ni kò lọ fojú rí. Ẹ̀kẹta, ilé-iṣẹ́ mẹ́ta á máa díje, olówó kan náà ló ni gbogbo wọn. Ẹ̀kẹrin, wọ́n á pín iṣẹ́ ńlá sí wẹ́wẹ́ kó má baà kan ìdíje. Òfin 2007 ka pípín iṣẹ́ báyìí àti ìdíje ayédèrú sí ọ̀ràn. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá jẹ̀bi, ẹ̀wọ̀n ọdún 5 ó kéré tán, kò sí owó ìtanràn, iṣẹ́ á sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ní 1975, ìjọba ológun ti ra sìmẹ́ńtì tó tó mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù, nígbà tí èbúté Èkó kò lè gbà ju nǹkan bí mílíọ̀nù kan lọ́dún. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ tò sójú òkun, a ń sanwó ìdúró fún wọn, sìmẹ́ńtì sì ń bàjẹ́. Kò sẹ́ni tó bèèrè pé níbo la fẹ́ já a sí.

Ní 2010, ìjọba àpapọ̀ bá ilé-iṣẹ́ P&ID ṣe àdéhùn ọdún 20 lórí ilé iṣẹ́ gáàsì ní Calabar. Wọn kò kọ́ irú rẹ̀ rí. Wọn kò gbé bíríkì kan lé èkejì. Síbẹ̀, ní 2017, ìgbìmọ̀ onílàjà ní kí Nàìjíríà san bílíọ̀nù 6.6 dọ́là fún wọn, èlé sì sọ ọ́ di ohun tó ju bílíọ̀nù 11 lọ. Ọlọ́run ló yọ wá ní oṣù kẹwàá 2023, nígbà tí kóòtù gíga ní Lọ́ńdọ̀nù rí i pé rìbá àti èrú wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ti bèèrè ní 2010 pé, "Èwo lẹ ti ṣe rí?", ṣé a máa dé ibẹ̀?

Wọ́n á ní ọmọ ìlú làwọn fún níṣẹ́. Ó dáa. Àwa náà fẹ́ kí ọmọ ìlú jẹ. Ṣùgbọ́n afárá kò mọ oríkì ẹnikẹ́ni. Ọmọ ìlú tó kúnjú ìwọ̀n ni kí wọ́n fún.

Òfin 2007 yẹn, ìjọba àpapọ̀ ló dè. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló máa ṣe tirẹ̀. Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2011. Ti kánsù ló kan àwa ará abúlé jù, nítorí ibẹ̀ ni gọ́tà wa àti afárá oko wa ti ń jáde.

Ohun tí ẹgbẹ́ wa yóò ṣe rèé. Máàkì gbogbo agbaṣẹ́ṣe á wà lára ògiri kánsù, ní èdè Yorùbá, kí owó kankan tó jáde. Aṣojú ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú á jókòó níbi tí wọ́n bá ti ń ṣí ìwé. Wọ́n á lọ fojú rí katakata kí wọ́n tó fún un ní máàkì. Bí a bá débẹ̀ tí a kò ṣe é, ẹ lé wa.

Kí ọjọ́ ìbò tó dé, ẹ má sùn. Òfin 2011 fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà láṣẹ láti kọ̀wé béèrè àkọsílẹ̀ ìjọba, kí èsì sì wá láàárín ọjọ́ 7. Ẹ kọ ọ́. Bí olùdíje èyíkéyìí bá wá fún yín ní ìrẹsì àti ankara, ẹ bi í pé: "Ta ló fún agbaṣẹ́ṣe ojú ọ̀nà wa ní máàkì, mélòó ló sì gbà?"

Ní ọjọ́ ìbò, ẹ̀yin ni ẹ máa fún wọn ní máàkì. Ẹ yẹ iṣẹ́ wọn wò dáadáa, kí ẹ tó tẹ̀ka.