Ilé Ló Ń Pa Èèyàn, Kì í Ṣe Ilẹ̀

Ẹ dárúkọ ìmìtìtì ilẹ̀ ní Ìjàn-Èkìtì, wọ́n á ní ìyẹn di ọ̀dọ̀ àwọn ará Japan. Orí àpáta ni Èkìtì wà, kí ló fẹ́ mì ín? Bóyá bẹ́ẹ̀ náà làwọn ará Koumbia ṣe ń rò ó. Ìlú kékeré ni Koumbia, ní àríwá ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè Guinea, ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tiwa níhìn-ín. Lọ́jọ́ 22 oṣù Kejìlá ọdún 1983, aago mẹ́rin ìdájí ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, ilẹ̀ mì tìtì. Ìwọ̀n rẹ̀ lé ní 6. Ògiri amọ̀ wó lu àwọn tó ń sùn. Àwọn tó kú lé ní 200, ìlú náà àtàwọn abúlé tó yí i ká sì di òkìtì amọ̀.

Àpáta abẹ́ wa pàápàá ti gbó, ó sì láwọn ibi tó ti là láti ìgbà láéláé. Ọ̀kan gba ẹ̀bá Ìfẹ̀wàrà kọjá ní Ọ̀ṣun, níbi tí kò jìnnà sí wa. Agbára a máa kó jọ síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá yọ̀, ilẹ̀ á mì. Ìjẹ̀bú-Òde rí i lóṣù Keje ọdún 1984, Ìbàdàn àti Àkúrẹ́ rí i lóṣù Kẹta ọdún 2000. Kékeré ni wọ́n, ọpẹ́ ni.

Mi ò fi èyí dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò ní í rí ìmìtìtì láyé rẹ̀ yóò ṣáà rí ìjì. Ẹ̀ẹ̀mélòó ni ìjì òjò àkọ́rọ̀ ti ká páànù wa lọ? Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o, ẹni tó sì ń yọ àádọ́ta búlọ́ọ̀kù ńlá nínú àpò sìmẹ́ńtì kan, itọ́ ló ń pò. Ẹ dúró tì í bó bá ń pò ó. Kí wọ́n máa bomi rin búlọ́ọ̀kù náà fún ọjọ́ mélòó kan. Kí líńtẹ́ẹ̀lì onírin yí gbogbo ilé po, kó má mọ sórí ilẹ̀kùn àti fèrèsé nìkan: òun ni ọ̀já tó so ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ra. Ní ti ilé amọ̀ tí bàbá wa fi sílẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ọ̀ṣọ̀rọ̀ máa jẹ ẹsẹ̀ ògiri rẹ̀, ẹ má sì kó ẹrù wúwo sí àjà tó wà lókè ibùsùn.

Bí ilẹ̀ bá wá mì, ẹ wọ abẹ́ tábìlì tó lágbára, kí ẹ fọwọ́ bo orí. Ẹni tó bá wà níta kó dúró síta, kó jìnnà sí ògiri àti òpó iná. Bó bá dáwọ́ dúró, ẹ má tíì sáré wọlé. Ó tún lè mì.

Lálẹ́ òní, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ògiri tí ẹ kọrí sí bí ẹ bá ń sùn. Bí ìka bá wọ inú ibi tó ya, ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì kúrò níbẹ̀, kí ẹ sì ránṣẹ́ pe bíríkìlà lọ́la.