Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Lójú Ewé Ìkẹyìn

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìyá mi kì í bá wa wí nílé onílé. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ síwájú wa níbi tí a bá a lọ, tí ọwọ́ mi sì ti ń yọ́ lọ sídìí àwo, ìbéèrè kan péré ló máa bi mí: "Ṣé ìwọ tó o jẹ odindi iyán nílé ni ebi tún ń pa?" Ẹ̀rín ló máa fi sọ ọ́. Onílé náà á bá a rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mo máa ń gbọ́ ìyókù: mo gbọ́ pàṣán tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo gbọ́ ìgbà tí yóò sọ̀ kalẹ̀, mo sì gbọ́ iye ìgbà tí yóò sọ̀. "Rárá mà, mo ti yó." Bẹ́ẹ̀, irọ́ ni. Iyán tí wọ́n ń wí yẹn, àná la jẹ ẹ́.

Kí n tó gbọ́ òwe náà lẹ́nu àgbà kankan ni mo ti mọ̀ ọ́n lára: àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, á di odindi.

Mi ò mọ̀ pé inú ìwé àwọn ará Japan ni òwe yìí á tún ti ká mi mọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń kàwé ní yunifásítì, wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi. Manga ló ń kà ṣáá lórí fóònù, àwọn ìwé ìtàn aláwòrán dúdú-òun-funfun tí wọ́n máa ń kà láti ọwọ́ ọ̀tún wá sí òsì. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo gbọ́ tó ju fóònù sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Àǹtí, wọ́n ti rẹ́ mi jẹ! Ìdìpọ̀ mẹ́wàá ni mo kà o, mẹ́wàá! Wọn ò fẹ́ra, wọn ò sì jà. Ó kàn parí bẹ́ẹ̀ ni."

"Ta ló yẹ kó fẹ́ ta?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ọmọ ilé ìwé kan ni, pẹ̀lú máníjà ibi tó ti ń ṣiṣẹ́."

"Ọmọ ọdún mélòó ni máníjà?"

"Márùndínláàádọ́ta, mà."

"Ọmọ yẹn ńkọ́?"

"Mẹ́tàdínlógún."

Mo ní kó gbé fóònù náà wá.

*Koi wa Ameagari no You ni* lorúkọ ìwé náà, ìyẹn ni pé ìfẹ́ dà bí ìgbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Jun Mayuzuki ló kọ ọ́, òun náà ló ya àwòrán rẹ̀. Ọdún 2014 ló bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà ilé iṣẹ́ Shogakukan, ó sì parí ní oṣù Kẹta ọdún 2018, ọdún tó gba ẹ̀bùn manga tí ilé iṣẹ́ náà máa ń fúnni, tí wọ́n sì sọ ọ́ di anime, ìyẹn eré àwòrán tó ń rìn, àti sinimá. Ìtàn Akira Tachibana ni. Ó mọ eré sá débi pé gbogbo ilé ìwé ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, kó tó di pé iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ rẹ̀ já. Ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, ó wọ ilé oúnjẹ kan, ó jókòó sídìí fèrèsé bí ẹni tí wọ́n kó lẹ́rù. Máníjà ibẹ̀, Masami Kondo, bu kọfí fún un lọ́fẹ̀ẹ́, ó fi ọwọ́ pa idán kékeré kan fún un, ó ní òjò náà máa tó dá. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ náà wá gba iṣẹ́ níbẹ̀, ó sì wá nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin tó jẹ́ pé kò sẹ́ni tó kà á sí: irun ti ń pá lẹ́yìn orí rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ti kọ̀ ọ́, ó ní ọmọkùnrin kékeré kan, ìdọ̀bálẹ̀ fún oníbàárà sì ni iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Nígbà kan rí, òǹkọ̀wé ló fẹ́ dà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wà ní yunifásítì ti di gbajúmọ̀ òǹkọ̀wé. Òun ń ka iye àwo tó fọ́.

Ọmọ náà sọ fún un láìfi bọpo bọyọ̀ pé òun nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọkàn ọkùnrin náà mì, n kò ní í purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n kò mú un. Nígbà tí ìtàn fi máa parí, Akira ti padà sórí pápá, Kondo ti padà sídìí kálàmù. Gbólóhùn kan péré ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń wá, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, òǹkọ̀wé náà ò sì fún un.

Ẹ jẹ́ ká wo òjò yẹn dáadáa. Ẹni tí òjò ká mọ́ títì, tó yà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ onílé kan, onílé lè fún un ní àga, ó lè fún un ní aṣọ kó fi nu orí, ó lè fún un lọ́sàn mu. Kò sí èyí tó sọ ọ́ di ará ilé nínú gbogbo rẹ̀. Bí òjò bá wá dá tí àlejò ṣì jókòó, onílé tó gbọ́n kò ní í lé e. Á yọjú wo ojú ọ̀run, á ní, "Ó mà ti dá o." Irú ohun tí Kondo sọ níbi kọfí ọjọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, ó kù kí ọmọ náà gbọ́ ọ, kí òun alára náà sì gbọ́ ọ. Odindi ìdìpọ̀ mẹ́wàá ni ọ̀rọ̀ yẹn fi rìn kó tó dé inú wọn. Ẹni tó bá tún àkọlé ìwé náà kà lẹ́yìn tó parí rẹ̀ máa rí i pé wọn ò fi nǹkan kan pa mọ́ fún òun.

Òfin kọ́ ló dí òǹkọ̀wé náà lọ́wọ́. Òfin ìgbéyàwó ilẹ̀ Japan nígbà yẹn gbà kí ọmọbìnrin ọdún 16 relé ọkọ bí òbí bá fọwọ́ sí i. Oṣù Kẹrin ọdún 2022 ni wọ́n tó sún un sí 18. Ìyẹn ni pé bó bá wù ú, ó lè ṣe ìgbéyàwó fún wọn lójú ewé ìkẹyìn, kí àwọn tó ń fẹ́ bẹ́ẹ̀ pàtẹ́wọ́. Ojú ayé ló ń dí Kondo lọ́nà, àti ojú tí òun fúnra rẹ̀ fi ń wo ara rẹ̀. Bí ìwé náà bá sì ti là á mọ́lẹ̀ pé èèwọ̀ ni, pé àgbàlagbà kan kì í ṣe báyìí, ìwàásù ni ìyẹn ì bá dà, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ì bá sì ti sá fún un láti ìdìpọ̀ kìn-ín-ní.

Síbẹ̀, mo mọ ìdí tí inú fi bí i. Àlọ́ ló tọ́ wa. Apàlọ́ wa kì í fi ìtàn sílẹ̀ gbayawu. Bó bá parí, á ní bí òun bá purọ́ kí agogo ẹnu òun má dún, á wá gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀mẹta. Ó parí nìyẹn: ìjàpá ti jẹ̀bi, olóore ti gbèrè, kí kálukú lọ sùn. Àwọn ará Japan náà ní agogo tiwọn. *Yoin* ni wọ́n ń pe ohun tó máa ń ṣẹ́ kù sínú afẹ́fẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá lu agogo ńlá inú tẹ́ńpìlì, ìró tó ń rọra rìn jìnnà títí etí ò fi ní mọ ìgbà tó dákẹ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò fún ohun tí ìtàn bá fi sílẹ̀ lọ́kàn ẹni. Agogo tiwa ń ti ilẹ̀kùn ìtàn, tiwọn ń fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí. (Kí n má baà purọ́ mọ́ àwọn baba wa, a ní àlọ́ mìíràn tó jẹ́ ìbéèrè ló fi ń parí, níbi tí ọkùnrin mẹ́ta ti jọ gba ọmọge kan là, tí apàlọ́ á ní kí àwa ọmọ sọ ẹni tó yẹ kó fẹ́ ẹ. Mo ti bá ẹ̀gbọ́n mi jà lórí irú àlọ́ bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́.)

Ṣùgbọ́n òwe náà ò sọ pé àìsọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Àbọ̀ ló wí. Bí ìyá mi bá ti kàn gbójú sókè tó ń wo àjà ni, ǹ bá ti jẹ ẹran ẹlẹ́ran. Ọ̀pọ̀ manga ló wà tí wọn ò parí torí pé ọjà ló gé wọn lórí: àwọn òǹkàwé máa ń fi káàdì ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ láti sọ ìtàn tí wọ́n fẹ́, èyí tí kò bá sì rí ìbò tó, wọ́n lè dá a dúró lójijì. Ẹ̀ka tí wọ́n ṣẹ́ ni ìyẹn, kì í ṣe àbọ̀ ọ̀rọ̀. Òmíràn sì wà tó jẹ́ pé ẹ̀rù ló ba òǹkọ̀wé: á gbé ẹ̀gbọ́n àti àbúrò sún mọ́ra, tàbí tíṣà àti akẹ́kọ̀ọ́, á fi gbogbo ọ̀nà dá wa lọ́fun tòlò, bó bá wá kù díẹ̀ kó sọ ohun tó rò nípa wọn, á ya òdòdó tó ń jábọ́ látorí igi sójú ewé odindi kan, ó di gbére. Mi ò lè bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ pa òwe. Kò sí ohun kankan tó fi lélẹ̀ tí inú tèmi lè fi kọ́ ìyókù.

Ẹni tó tún sọ odindi ọ̀rọ̀ wà, tó sì jẹ́ pé odindi yẹn gan-an ló ba nǹkan jẹ́. *Usagi Drop* ti Yumi Unita jáde láàárín ọdún 2005 sí 2011. Daikichi, àpọ́n ọmọ ọgbọ̀n ọdún, lọ síbi ìsìnkú bàbá àgbà rẹ̀, ó bá ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́fà kan níbẹ̀, Rin, tí wọ́n ní olóògbé ló bí i síta. Ẹbí ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ lọ́dọ̀. Daikichi gbé e lọ sílé. Ìdìpọ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ dùn ún kà ju ohun tí mo lè sọ lọ: bó ṣe ń wá ilé ìtọ́jú ọmọ, bó ṣe gbà láti kúrò nídìí iṣẹ́ tó ń gòkè níbẹ̀ kó lè máa tètè dé ilé, ìgbà tí ara ọmọ gbóná lóru tí kò mọ ohun tó máa ṣe. Lẹ́yìn náà ni ìtàn fò lọ ọdún mẹ́wàá. Rin ti di ọmọge, ó sì wá hàn níkẹyìn pé bàbá àgbà yẹn kọ́ ló bí i, pé ẹ̀jẹ̀ ò pa òun àti Daikichi pọ̀ rárá. Nítorí náà wọ́n lè fẹ́ra, wọ́n sì gbà láti fẹ́ra.

Gbogbo ìbéèrè ni òǹkọ̀wé yìí dáhùn, ọ̀pọ̀ òǹkàwé sì bínú títí dòní. Ṣé ẹ̀jẹ̀ wá ni èèwọ̀ yẹn? Ẹni tó bọ́ ọmọ, tó wẹ̀ ẹ́, tó fà á lọ́wọ́ lọ sílé ìwé, bàbá ni. Kò sí àyẹ̀wò tó lè yọ ọ́ lóyè. Àwọn tó sọ ìwé náà di anime lọ́dún 2011 mọ ohun tí wọ́n ń ṣe: orí 11 péré ni, Rin ṣì kéré nígbà tó parí, eyín rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yẹ ni. Wọ́n bu àbọ̀ fún wa, wọ́n sì pa àwo dé. Mo bi ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bóyá ó ti ka ìyókù. "Àǹtí, mo ti gbọ́ ọ. Mi ò fẹ́ kà á."

Ìwé kan tó kù ló ṣòro fún mi láti kọ nípa rẹ̀ nílẹ̀ wa níbí, níbi tí òfin ọdún 2014 ti fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 sórí ìgbéyàwó ọkùnrin sọ́kùnrin. *Otouto no Otto*, ìyẹn Ọkọ Àbúrò Mi, ni Gengoroh Tagame kọ láti ọdún 2014 sí 2017, ìdìpọ̀ mẹ́rin péré. Yaichi ń dá tọ́ Kana ọmọ rẹ̀. Ọkùnrin gìrìwò kan láti Kánádà, Mike, kanlẹ̀kùn: òun ni ọkọ Ryoji, ìbejì Yaichi, tó ti kú. Bó ṣe rí Yaichi báyìí, ṣe ló dì mọ́ ọn, torí ojú olóògbé ló rí. Kò sí Yorùbá tí wọ́n ti gbẹ́ ère ìbejì nílé wọn rí tó nílò kí wọ́n ṣàlàyé ìdìmọ́ra yẹn fún un.

Kì í ṣe ìfẹ́ Mike àti Ryoji ni kò parí nínú ìwé yìí; ikú ti parí ìyẹn. Èyí tí kò parí ni ti Yaichi. Láti ìgbà tí ìbejì rẹ̀ ti jẹ́wọ́ ara rẹ̀ fún un ni ọ̀rọ̀ ti gbẹ láàárín wọn, kò bá a jà, kò sì gbà á mọ́ra, ó kàn ń fi òní dónìí, ó ń fi ọ̀la dọ́la. Òkú kì í gba "má bínú" mọ́. Tagame ò sì fún un ní àlá tàbí lẹ́tà kankan tí wọ́n á fi parí ẹ̀. Mike lo ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ tó wá lò, ó padà sí Kánádà.

Ibi tó ti yàtọ̀ sí ti Kondo nìyí: Mayuzuki lè sọ ìyókù bó bá wù ú. Níbi ti Tagame, ìyókù ò tíì sí. Ìgbà tó ń kọ ìwé náà lọ́wọ́, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2015, ni Shibuya àti Setagaya ní Tokyo bẹ̀rẹ̀ sí í fún irú àwọn tọkọtaya bíi Mike àti Ryoji níwèé ẹ̀rí tí kò ní agbára ìgbéyàwó. Ibi tí ìlú dé ni ìwé náà dé.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ń kà á báyìí. Ìdìpọ̀ kejì ló wà. Lánàá ó bi mí bóyá Mike máa dúró tì wọ́n.

Mo ní, "Ṣé àlejò kọ́ ni?"

Ó wò mí títí. Ó fa aṣọ borí, ó ń kà á lọ.