Ọparun lẹ́yìn ilé: ẹ bèèrè kí ẹ tó gbìn ín

Ẹni tó bá ń gbé Ògèrè kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbọ́ ìròyìn ariwo tírélà àti eruku ojú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ohun tó ń mú àwọn onílé wá igi tó ga, tí ewé rẹ̀ kì í wọ́ tán lẹ́ẹ̀rùn nìyí, kí wọ́n lè fi bo ojú ilé. Ọparun dára fún un. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó ń tà á: ṣé èyí tó ń dúró sójú kan ni, àbí èyí tó ń rìn?

Ọparun inú igbó wa, tí àwọn bíríkìlà fi ń gbé dẹ́kìn ró, ojú kan ló ń dúró; díẹ̀díẹ̀ ló ń fẹ̀. Èyí tó ń rìn, ilẹ̀ Ṣáínà àti Japan ni púpọ̀ nínú wọn ti wá. Abẹ́ ilẹ̀ ló ń gbà kọjá fẹ́ǹsì, kí ẹ sì tó mọ̀, ọ̀mùnú rẹ̀ ti yọ lágbàlá aládùúgbò. Ó ti dá ìjà sílẹ̀ láàrin àwọn aládùúgbò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá ní dandan òun á gbìn ín, kó gbẹ́ kòtò tó jìn tó 70 sẹ̀ǹtímítà yí i ká, kó fi ọ̀rá líle tó nípọn la ilẹ̀ náà, kí etí ọ̀rá yọ sókè díẹ̀, kó lè máa rí gbòǹgbò tó bá fẹ́ fò ó, kó sì gé e. Ọdọọdún ni iṣẹ́ yẹn o. Kí ni àgbà tí ẹ̀yìn ń dùn fẹ́ fi ṣe? Tiwa tó.

Síbẹ̀, tiwa lè ga tó 15 mítà, torí náà ẹ jẹ́ kó jìnnà sí wáyà iná, ògiri àti kànga. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni kí ẹ gbìn ín. Ẹ gé ọ̀pá tó ní oríkèé méjì tàbí mẹ́ta, ẹ tẹ́ ẹ, ẹ fi yẹ̀pẹ̀ bò ó.

Ibi tó kan àwọn ọmọ jù ni kùkùté rẹ̀. Bí wọ́n bá gé ọparun láàrin oríkèé méjì, kùkùté náà á di ife. Òjò á rọ̀ sí i, ẹ̀fọn á yé sí i, tanwíji á kún inú rẹ̀. Ẹ̀fọn tó fẹ́ràn irú omi bẹ́ẹ̀, ọ̀sán ló ń jẹni, nígbà tí ọmọ kò sí lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì, ó sì wà lára àwọn tó ń kó ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ranni. Ibà yẹn tún yọjú ní ìpínlẹ̀ Kwara lóṣù kẹsàn-án ọdún 2017. Nítorí náà, òkè oríkèé gẹ́lẹ́ ni kí wọ́n ti máa gé e. Èyí tó bá ti di ife, ẹ da yanrìn kún un. Ẹ sì yẹ káàdì ọmọ wò: ọmọ oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n ń gún lábẹ́rẹ́ àjẹsára ibà náà.

Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fi ọ̀mùnú ọparun ṣeré. Irun dúdú ara èèpo rẹ̀ ń yúnni, májèlé bíi ti ẹ̀gẹ́ tútù sì wà nínú rẹ̀. Ẹ máa gbá ewé gbígbẹ rẹ̀ kúrò lọ́nà, torí ó ń yọ̀ lẹ́sẹ̀ àgbà, iná ọyẹ́ sì tètè ń ràn án. Ẹ kó o sídìí ewúro yín.