Ẹ Má Jẹ́ Kí Á Ti Ọ̀nà Ìsẹ́yìn Pa

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ nínú ìwé ìròyìn oṣù yìí kì í ṣe ti ìgbìmọ̀. Èrò tèmi ni, mo sì ti tọrọ àyè lọ́wọ́ alága kí n tó kọ ọ́.

Ẹ ti gbọ́ àbá tó wà nílẹ̀ fún ìpàdé gbogbogbò tó ń bọ̀: pé kí á pa ibi ìgbowó mẹ́ta tí a ní lójú ọ̀nà Móníyà sí Ìsẹ́yìn rẹ́, kí àwọn ará ibẹ̀ máa fi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù, kí ẹni tó bá sì fẹ́ yá owó máa wá bá wa n'Íbàdàn. Owó epo ni wọ́n fi ṣe ìdí rẹ̀, kì í sì í ṣe irọ́. Kí oṣù karùn-ún ọdún 2023 tó parí, lítà epo kan kò tó 200 náírà. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹwàá 2024, ó ti lé ní 1,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ilé epo. Ọ̀kadà tí à ń háyà lọ gba owó ti fẹ́ jẹ gbogbo èlé tí à ń rí lórí ẹ̀yáwó àwọn ará ibẹ̀. Akápò wa ti ṣe ìṣirò rẹ̀ sílẹ̀, n kò sì bá a jiyàn.

Ṣùgbọ́n epo ló wọ́n, ọ̀nà kò wọ́n. Ọ̀nà náà jẹ́ kìlómítà 65, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì ti tún un ṣe, kò rí bó ti rí láyé ìgbà tí mọ́tò ń wọ kòtò kan bọ́ sí òmíràn. Èmi nìkan gun báísíkù mi gbà á ní ọjọ́ Sátidé kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá. Aago mẹ́fà àárọ̀ kọjá díẹ̀ ni mo kúrò ní Móníyà, níbi tí ibùdókọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn wà láti 2021. Mo dé Ìsẹ́yìn lẹ́yìn aago méjì ọ̀sán, pẹ̀lú gbogbo ìdúró tí mo dúró. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mí, n kì í ṣe eléré ìje. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí.

Àkọ́kọ́ ná, ẹni tó bá dá nìkan gun kẹ̀kẹ́ kò lè dá wà. Bí ẹ bá jẹ́ méjì, ẹ̀yin méjèèjì ni ẹ ó máa bá ara yín sọ̀rọ̀. Bó bá ṣe ìwọ nìkan, gbogbo ìlú ni yóò bá ọ sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọdé ń pariwo, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ sáré, mọ́tò ń bọ̀!” Bàbá àgbà kan dá mi dúró tàánútàánú: “Ọmọ mi, ṣé kò sí o? Mọ́tò dà?” Mo ní ó wù mí bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Raleigh lòun fi ń ru kòkó lọ síbi òṣùwọ̀n nígbà tóun wà lọ́dọ̀ọ́, àpò kan lẹ́yìn, ìyàwó níwájú. (Ti ìyàwó níwájú yẹn, n kò mọ̀ bóyá àwàdà ni.)

Ní Ìjàyè mo jẹ ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀. Ìlú Kúrunmí nìyí o, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ìlú tí ogun 1860 sí 1862 fọ́ tí àwọn ọmọ rẹ̀ fi tú ká dé Abẹ́òkúta. Ẹni tó wà nínú mọ́tò á ti kọjá rẹ̀ kó tó rántí. Ibẹ̀ náà ni táyà ẹ̀yìn mi ti jò. Bí fọganáísà ti ń lẹ̀ ẹ́, ó rí ìwé ẹgbẹ́ nínú àpò mi, ó béèrè bí èèyàn ṣe ń wọlé. Kí ó tó fa afẹ́fẹ́ sí i tán, èèyàn méjì ti gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ mi. Ọ̀kadà tó ń fi eré kọjá, ta ni yóò dá a dúró béèrè fọ́ọ̀mù?

Ọ̀rọ̀ tó ká mi lára jù rèé. Lẹ́yìn Ìjàyè, ní abúlé kan tí n kò ní dárúkọ, mo yà sọ́dọ̀ ìyá kan tí kò san nǹkan kan fún oṣù mẹ́ta lórí owó tó yá. Lẹ́tà ìkìlọ̀ ti lọ, ọ̀rọ̀ sì ti ń súnmọ́ pé kí á mú àwọn onídùúró rẹ̀. Mo bá a nídìí gàrí. Ẹ́ńjìnnì tó fi ń rin ẹ̀gẹ́ ti kọṣẹ́, ọwọ́ ló fi ń rin ín, ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì ń rí tà. Kò sá fún wa. Ó kó gbogbo rìsíìtì rẹ̀ wá láti abẹ́ ibùsùn, ó ní, “Akọ̀wé, ẹ bá mi wò ó, ẹ̀yin lẹ mọ̀wé.” Owó tí yóò fi tún ẹ́ńjìnnì yẹn ṣe kò tó ìdá mẹ́wàá gbèsè rẹ̀. Fóònù kò lè sọ èyí fún wa. Ohun tí fóònù yóò sọ ni pé owó kò wọlé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Ìsẹ́yìn. Àwọn ahunṣọ wa níbẹ̀ máa ń kọ “òwò” sínú fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó, ìgbìmọ̀ á sì máa béèrè pé òwò wo. Mo jókòó tì wọ́n nídìí òfì. Òwú ni òwò náà. Bí òwú bá tán, òfì á dúró, oníbàárà tó ti san àsansílẹ̀ fún ẹtù tàbí àlàárì á sì gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ. Ẹni tó bá rí èyí kò ní fi oṣù méjì jókòó lórí fọ́ọ̀mù kan.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní kò yẹ akọ̀wé. Àwọn àgbà tó dá irú ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ nínú oko kòkó lẹ́yìn òfin ọdún 1935, mélòó nínú wọn ló ní mọ́tò? Wọ́n á ní ewu wà, ìyẹn sì jẹ́ òótọ́, n kò ní fi ṣeré. Ojú ọ̀sán nìkan ni mo gùn ún, ilé mọ ibi tí mo wà, n kò sì gbé owó dání. Ọ̀nà tí a lè gbà ṣe é nìyẹn: kí ọmọ ẹgbẹ́ san owó sínú àkáǹtì ẹgbẹ́ lọ́dọ̀ oní-POS ìlú rẹ̀, kí ó fi rìsíìtì hàn, kí akọ̀wé kọ ọ́ sínú pásíbúkù lójú rẹ̀. Nípa ti fóònù, mo gbà pẹ̀lú àwọn tó dá àbá. Kí á má fi rọ́pò ojú ni mo ń wí. Tìrélà ló dẹ́rù bà mí jù lójú ọ̀nà. Nígbà tí mo bá gbúròó rẹ̀ lẹ́yìn, koríko ni mo ń sọ̀ sí, jàre.

Ohun tí mo ti kọ ránṣẹ́ sí alága ni pé kí ẹgbẹ́ ra báísíkù méjì, tòkunbọ̀ tó lágbára, tó ní káríà lẹ́yìn. Kí èmi àti igbákejì mi máa pín ọ̀nà náà lọ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, èmi láti Móníyà, òun láti Ìsẹ́yìn, kí á pàdé láàárín. Nínú òjò, kí á wọ mọ́tò. Kí á dán an wò fún oṣù mẹ́fà, kí akápò tún ìṣirò rẹ̀ ṣe, kí ó sì kà á fún wa ní ìpàdé.

Ìdìbò ń bọ̀ o. Ẹ̀yin ará Ìjàyè, ẹ̀yin ará Ìsẹ́yìn àti ti àwọn abúlé àárín, ẹ wá. Ẹni tí owó ọkọ̀ kò bá jẹ́ kó wá, kó kọ èrò rẹ̀ sínú ìwé, kó buwọ́ lù ú tàbí kó tẹ̀ka, mo máa kọjá wá gbà á ní Sátidé tó ṣáájú ìpàdé.