*GÈLÈ KỌ́ NI OÒGÙN ORÍ TÓ Ń PÁ*



Bí eyín bá ń ro wá, dókítà eyín là ń wá. Bí ojú bá ń dùn wá, dókítà ojú ni. Kí ló dé tó jẹ́ pé bí irun bá ń re, onídìrí la máa kọ́kọ́ sọ fún, lẹ́yìn náà a ra òróró inú ìgò, lẹ́yìn náà wọ́n á ní ọwọ́ ayé ni? Owó á lọ, irun á lọ. Èyí kò tọ́!

Ara awọ ni irun ti ń hù. *Dókítà awọ ara* ló ni iṣẹ́ yìí. Kì í ṣe ohun kan ṣoṣo ló ń mú irun re:

👉 Iwájú orí àti ẹ̀gbẹ́ etí tó ń pá: irun dídì tó le jù ló sábà máa ń fà á. Bí a bá tètè dẹ̀ ẹ́, irun lè padà.

👉 Àárín orí tó ń pá, tó ń fẹ̀ sí i, nígbà mìíràn tó ń yúnni tàbí tó ń ta: orírun irun ló ń di àpá. Ibi tó bá ti di àpá, òróró kankan kò lè jí i. Ìwádìí kan ní 2019 fi hàn pé ó lè wá láti inú ìdílé. Nítorí náà, bí ìyá àti ọmọ bá ní in, kì í ṣe èpè.

👉 Làpálàpá orí ọmọdé: ìpara nìkan kì í tó, oògùn mímu ló ń wò ó.

👉 Irun tó ń re ní bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìbímọ tàbí ibà líle: ó sábà máa ń padà fúnra rẹ̀. Olóróró á wá gba ìyìn iṣẹ́ tí kò ṣe!

Ta ló lè fi ojú lásán ya gbogbo èyí sọ́tọ̀ nínú ọjà?

Ẹ ó ní dókítà awọ jìnnà. Òótọ́ ni. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Òkìtìpupa, kí ẹ ní kí wọ́n kọ ìwé fún yín lọ sọ́dọ̀ dókítà awọ. Wọ́n wà ní UCH Ìbàdàn, wọ́n wà ní OAUTHC Ilé-Ifẹ̀. Ẹ ṣírò iye ìgò tí ẹ ti rà, ẹ ó rí owó ọkọ̀ níbẹ̀.

Onídìrí kì í ṣe ọ̀tá. Òun ló ń rí àtàrí wa jù. Kó sọ fún wa bó bá rí ojú pípá, kó má ta òróró fún wa.

Ẹ̀yin ìyálóde ẹgbẹ́, ẹ má gba olóróró láyè nípàdé mọ́. Ẹ̀yin àgbà, ẹ má pe àìsàn ní àfọ̀ṣẹ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ mìíràn. 🙏