Ẹ Bi Àjà Léèrè Kí Ẹ Tó Gbé Màmá Sókè

Lẹ́yìn ètò wa lórí ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ àjà láti fi gbé aláìsàn kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ku ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ sọ.

Màámi ń gbé pẹ̀lú wa níbí ní Chicago. Ẹsẹ̀ wọn ò gbé wọn mọ́. Odindi ọdún kan ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi ń fọwọ́ gbé wọn. Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. A ò ráhùn. Ṣùgbọ́n ní 2007, Thomas Waters, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní NIOSH, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí ìlera òṣìṣẹ́, kọ ọ́ pé kò yẹ kí olùtọ́jú aláìsàn máa fọwọ́ gbé ju pounds 35 lọ, ìyẹn bíi kìlógíráàmù 16. Màámi tó ìlọ́po mẹ́rin ìyẹn! Ẹ̀yìn wa ti sọ fún wa tipẹ́.

Torí náà, mo fara mọ́ ẹ̀rọ. Irin gbọọrọ kan ló wà lókè. Ẹ̀rọ oníbátìrì ń rìn lára rẹ̀, ó sì ń gbé ọ̀já tí èèyàn jókòó sínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀já! Ọ̀já ni wọ́n fi pọ̀n wá, ọ̀já náà la máa fi gbé wọn. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ẹni tó máa so ó mọ́ àjà ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní káfíńtà kan lè ṣe é lówó pọ́ọ́kú. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, kí ló wà lẹ́yìn àjà yẹn?"

Ìbéèrè yẹn ni kókó ọ̀rọ̀ mi. Ilé wa wà lára àwọn búńgálò bíi 80,000 tí wọ́n kọ́ sí Chicago láàárín 1910 sí 1940. Pẹlẹbẹ igi tín-ín-rín tí wọ́n fi pilásítà bò lẹ̀ ń rí lókè. Ìyẹn ò lè gbé èèyàn ró. Igi tó dábùú lẹ́yìn rẹ̀ ló ń gbé ẹrù, òmíràn nínú wọn sì wà fún àjà nìkan. Ẹrù náà tún ń rìn: ibi tí Màámi bá dé lábẹ́ irin ni ìwúwo wọn máa ń fà.

Ẹ pe ẹni tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà kọ́ níṣẹ́. Kó wá igi náà kàn, kó fi bóòtù de irin mọ́ ọn, kó sì fi ẹrù dán an wò lójú yín kí Màmá tó jókòó sínú ọ̀já. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin LOLER ti 1998 ní kí ẹni tó mọṣẹ́ máa yẹ ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn níbi iṣẹ́ wò ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ di òfin inú ilé tiwa náà.

Ẹni tó wá wo àjà wa ní igi ibẹ̀ ò tó. Ó mú irin tó ní ẹsẹ̀ wá, èyí tó ń gbé ẹrù sọ̀ sórí ilẹ̀, tí kò fọwọ́ kan àjà rárá. Ó wọ́n díẹ̀ ju owó káfíńtà lọ o. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ sanwó.